Ẹ Kọ Láàbù Mọ́ Owó Oṣù

Ẹ̀yin olùdásílẹ̀ yunifásítì aládàáni tuntun,

Yábàá ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n kì í ti í wọ́n. Yunifásítì Èkó wà ní Àkókà, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ wà ní Ìdí-Àràbà, Yaba Tech sì ti wà láàárín wa láti 1947. Ọ̀dọ̀ wa lẹ máa ń wá nígbà tí ẹ bá nílò ẹni tí yóò kọ́ni ní kẹ́mísírì tàbí físíìsì. Bí ẹ ṣe ń bá wọn dúnàádúrà ni n kò fara mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì, fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí yunifásítì kan fún un hàn mí. Ojú ewé méjì ni. Owó oṣù wà níbẹ̀, owó ilé wà níbẹ̀, mọ́tò àti dẹ́rẹ́bà náà ò gbẹ́yìn. Mo wá láàbù títí, n kò rí i. Kò sí gbólóhùn kan nípa iná, kẹ́míkà, tàbí ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ. Nígbà tó béèrè, wọ́n ní, "Prof, ẹ kọ́kọ́ wọlé ná, díẹ̀díẹ̀ la ó máa ṣe é." Ó wọlé. Títí di òní, ojú pátákó ló ti ń ya burẹ́ẹ̀tì àti pìpẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ.

Ó dà bíi pé ẹ gba télọ̀ ní ọjà Tẹ́júoṣó, ẹ ò fún un ní maṣíìnì, ẹ wá ń retí aṣọ ọdún.

Kì í ṣe gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹ mọ ara yín. Orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ fẹ́, nítorí ọjọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, ń bọ̀ wá ṣàyẹ̀wò. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ àyálò á kún láàbù, ọ̀jọ̀gbọ́n tí orúkọ rẹ̀ wà níbi mẹ́ta á wọ kóòtù, á jókòó síwájú. Bí àlejò bá ti lọ, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé owó ló le. TETFund, owó ìrànwọ́ ìjọba fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, kì í dá sí yunifásítì aládàáni, iná Band A, ti àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, sì fò sókè sí náírà 225 lórí yúníìtì kan ní oṣù kẹrin 2024, bẹ́ẹ̀ fìríìsà láàbù kò gbọdọ̀ kú lóru. Bí agbára yín kò bá gbé e, ẹ sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n náà kó tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ lè bá yunifásítì àgbà kan ṣàdéhùn pé kó máa lo láàbù wọn lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ìyẹn náà ṣeé kọ sílẹ̀.

Kì í ṣe láàbù nìkan ló yẹ kí ìwé náà sọ; bí ẹ ṣe máa tún ẹni yàn náà yẹ kó wà níbẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní 1962, onímọ̀ nípa ewéko, Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku, ni wọ́n fi ṣe gíwá àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Èkó, tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jẹ́ 131 péré. Nígbà tí sáà rẹ̀ parí ní 1965, ìgbìmọ̀ aláṣẹ fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Saburi Biobaku rọ́pò rẹ̀. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì fi ọ̀bẹ gún Biobaku. Òṣèlú àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni pé ta ló láṣẹ láti tún ẹni yàn: ṣé ìgbìmọ̀ nìkan ni, àbí kí wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn olùkọ́?

Nítorí náà, kí ìwé ìgbanisíṣẹ́ sọ ẹ̀rọ tí ẹ máa rà àti ọjọ́ tó máa dé, wákàtí ìkọ́ni lọ́sẹ̀, ẹni tó ni ẹ̀rọ tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá fi owó ìwádìí rà, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí owó oṣù bá pẹ́, àti bí ẹ ṣe máa tún un yàn.

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ yé fi orúkọ yín ṣe háyà. Ẹ̀yin NUC, ẹ béèrè ìwé àdéhùn wọn kí ẹ tó wọ láàbù, kí ẹ sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni kí ẹ fún ní máàkì.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Yábàá