Asọ̀rọ̀mágbèsì ní Post Office, Ìlọrin: Ta Ni Yóò Dá a Lóhùn?

Orúkọ tí àwọn àgbà sọ rédíò nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe orúkọ ìyìn lásán. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n pè é, ẹni tí ń sọ tirẹ̀ tí kì í dúró gba èsì. Ní ilẹ̀ tí a kì í ti í kí ènìyàn kí ó dákẹ́, tí ìránṣẹ́ ọba pàápàá a máa dúró gbọ́ ohun tí onílé yóò wí kí ó tó padà, ẹ̀sùn díẹ̀ wà nínú orúkọ náà. Akéde a máa lu agogo káàkiri àdúgbò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá yé a dá a dúró, a sì bi í léèrè. Àpótí tí ń fọhùn lára ògiri kò ṣeé dá dúró.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba amúnisìn tí ń mójú tó lẹ́tà àti wáyà gan-an ni ó kọ́kọ́ pín àpótí náà kiri. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n ń fi wáyà gbé ohùn BBC láti ìlú Òyìnbó wọ ilé àwọn tí ó lè san owó rẹ̀. Ó di ọdún 1951 kí a tó dá ilé-iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ó di NBC ní 1957, ó sì di FRCN, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Radio Nigeria, ní 1978. Nítorí náà, bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ọjọ́ kan ṣe ń lọ lẹ́nu rédíò ìjọba àpapọ̀, tí ó sì lọ dúró ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Post Office ní Ìlọrin, kò ṣìnà.

Bí aago méje òwúrọ̀ bá lù, tí ìròyìn sì bẹ̀rẹ̀, àwọn awakọ̀ tí ń pe èrò, àwọn tí ń ta búrẹ́dì, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ni yóò máa gbọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ìròyìn náà. Kì í pẹ́ tí ẹnìkan nínú àwọn tí ó dúró yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn yòókù: "Wọ́n ní . . ." Gbólóhùn kékeré yìí tó ohun tí à ń kíyè sí. Ẹni tí ń túmọ̀ kò sọ pé òun rí i, kò sì sọ pé irọ́ ni. Ó gbé ẹrù ọ̀rọ̀ lé orí ẹni tí ó ni í, ó sì dúró kí wọ́n bi òun. Ìyá oníbúrẹ́dì a ní, "Ẹ gbà mí o, ṣé wọ́n mẹ́nu ba owó ìyẹ̀fun?" Bí kò bá gbọ́ ọ, a sọ pé òun kò gbọ́ ọ. Ipò akéde ni ó bọ́ sí yìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi í joyè, láìsì gba kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò rọrùn ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún FRCN tò ní 1978, Ìbàdàn ni wọ́n fún ní èdè Yorùbá, Ẹ̀dó, Ùròbò àti Ígálà. Kàdúná gba Haúsá, Kànúrí, Fúlàní àti Tápà. Yorùbá ni èdè ìgboro Ìlọrin, ṣùgbọ́n Haúsá, Fúlàní àti Tápà kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ìròyìn kan náà lè gba ẹnu mẹ́ta kọjá kí ó tó dé etí ẹni tí ó kẹ́yìn.

Ohun tí ó lè ti inú ohùn tí a kò lè bi léèrè jáde, Ìlọrin ti rí i rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, Dimka wọ ilé-iṣẹ́ rédíò l'Ékòó, ó kéde ní Gẹ̀ẹ́sì pé a ti gba ìjọba, ó sì ní kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kónílé-ó-gbélé ọ̀sán gangan! Àṣìsọ ni tàbí òótọ́? Ta ni ènìyàn yóò bi? Ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n pa Múrítàlá Mùhámọ́ọ̀dù l'Ékòó ni wọ́n gbé gómìnà Ìpínlẹ̀ Kwara, Ibrahim Taiwo, ní Ìlọrin, tí wọ́n sì pa á. Èkó tí ó jìnnà ni rédíò ń sọ, nígbà tí ọ̀fọ̀ wà lẹ́yìnkùlé àwọn tí ń gbọ́ ọ. Orúkọ ọkùnrin náà ni èrò ọkọ̀ ń dá títí di òní bí wọ́n bá ní àwọn ń lọ sí Tàíwò Òkè tàbí Tàíwò Ìsàlẹ̀.

Lónìí, asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gba èsì díẹ̀. Fóònù ti wọ inú ètò, àwọn ará ìlú sì ń pe ilé-iṣẹ́ rédíò láti sọ tẹnu wọn. Ìjà mìíràn ni èyí dá sílẹ̀. Bàbá àgbà tí ó pè kò lè ṣe kí ó má kí ènìyàn: ẹ kú iṣẹ́, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́. Kí ó tó parí rẹ̀, atọ́kùn ètò, tí ó lè jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, ti ní kí ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé àkókò kò sí. Síbẹ̀, ẹni tí ó já ìkíni mọ́ àgbà lẹ́nu ti rú òfin tí ó dàgbà ju rédíò lọ. Àwọn atọ́kùn tí ó gbọ́n a tètè kí gbogbo ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ ètò, wọn a sì bẹ àgbà kí wọ́n tó dá a dúró.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń fi fóònù dá ìròyìn aago méje lóhùn, tàbí ti aago mẹ́rin, tàbí ti aago mẹ́wàá alẹ́. Rédíò ìjọba àpapọ̀ kò gbàgbé èdè abínibí, ó ń túmọ̀ ìròyìn. Gẹ̀ẹ́sì ni ó kàn ń ṣíwájú, owó a sì máa bá ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èrò ti tò sí ilé epo ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, jálá epo tí kò tó igba náírà tẹ́lẹ̀ ti di nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹni tí ó gbọ́ èdè Ààrẹ ti ra tirẹ̀. Ẹni tí ó dúró de ìtumọ̀ bá owó ọkọ̀ tuntun pàdé lójú ọ̀nà, bí ó bá sì bi awakọ̀ léèrè pé kí ló fà á, èsì tí ó máa gbà kò ju ọ̀rọ̀ kan náà lọ: "Wọ́n ní."