Ìtàn Tí A Ń Sọ fún Àlejò ní Lọ́kọ́ja

Ẹni tí ó bá gun òkè Pátì ní Lọ́kọ́ja yóò rí ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè gbé pàdé. Àwòṣífìlà ni. Ṣùgbọ́n bí àlejò ti ń wo omi lọ́wọ́ ni a ó máa sọ fún un pé orí òkè yìí ni Flora Shaw, aya Lugard, ti fún Nàìjíríà ní orúkọ. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti dábàá rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1897, ọdún márùn-ún kí ó tó di aya Lugard.

Èéṣe tí a kò fi sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an? Ní 1841 ni Àjàyí Crowther, tí a ti tà lẹ́rú rí, bá ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gòkè odò dé ìhín. Níhìn-ín ni Lugard ti ta àsíá ní ọjọ́ kìn-ín-ní 1900. Níhìn-ín náà ni Aliyu, ọba Kano tí wọ́n rọ̀ lóyè, kú sí nígbèkùn ní 1926. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tí ń gbé àyíká ibẹ̀ ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá (ògbufọ̀ ni mí, ṣùgbọ́n wọn kò ní í fi mí ṣe nǹkan kan).

Mo bẹ àwọn tí ọ̀ràn ìgbafẹ́ wà ní ìkáwọ́ wọn, kí wọ́n kọ àwọn ọdún wọ̀nyí sára pátákó kan lórí òkè náà, ní Ọ̀wọ́rọ̀, Nupe àti Haúsá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì.