RAM tó wọlé kọ́ ni RAM tó bá kọ̀ǹpútà mu

Bí láàpútọ́ọ̀pù bá ti ń falẹ̀, ìmọ̀ràn tí wọn yóò fún ẹni tó ni ín ní Òkìtìpupa kò yàtọ̀ sí ti Ìkẹjà: lọ fi RAM kún un. Ìmọ̀ràn náà dára. RAM ni kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, bó bá sì kéré jù, gbogbo nǹkan á máa dúró. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ tó ń ṣí lọ sí Windows 11 ló ń wá a kiri. Ṣùgbọ́n èrò kan ń bá ìmọ̀ràn yìí rìn, pé RAM tó bá ti lè wọ ojú ihò ti bá ẹ̀rọ mu nìyẹn. Èrò yìí ni mo kà sí ọ̀tá, ju ọjà tòkunbọ̀ tí a máa ń di ẹ̀bi rù lọ.

Àjọ JEDEC ló ń fi ìlànà lélẹ̀ fún RAM lágbàáyé. Ìlànà DDR3 jáde ní 2007, ti DDR4 ní 2012, ti DDR5 ní 2020, bẹ́ẹ̀ ni iná tí wọ́n ń jẹ ń dín kù: volt 1.5, 1.2, 1.1. Àwọn tó ṣe wọ́n mọ̀ pé aráyé á fẹ́ ṣì wọ́n lò, ni wọ́n bá gé àlàfo kékeré kan sí etí rẹ̀, tí wọ́n ń yí ipò rẹ̀ padà láti ìran dé ìran, kí DDR3 má baà jókòó sójú ihò DDR4. Inú ìran kan náà ni wàhálà wà. DDR3L jẹ́ DDR3 tí wọ́n ṣe láti máa jẹ volt 1.35. Nínú ti láàpútọ́ọ̀pù, eyín 204 ló wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ojú kan náà ni àlàfo etí wọn wà, lẹ́tà L kan ṣoṣo lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ló fi ìyàtọ̀ hàn. DDR3L sábà máa ń gba volt 1.5 láìsí ìṣòro, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún DDR3L nìkan kì í fẹ́ DDR3 lásán. Nígbà tí Intel gbé àwọn processor Skylake jáde ní 2015, DDR3L àti DDR4 ni wọ́n kọ pé ó gbà, wọ́n sì kìlọ̀ pé DDR3 oní-volt 1.5 lè bà á jẹ́. Láti 2008 ni Intel sì ti ń kó ẹ̀ka tó ń darí RAM wọ inú processor fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé RAM pọ́ọ́kú lè pa ohun tó wọ́n jù nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti ra ẹ̀rọ ìlọta tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà rí mọ bó ṣe máa ń rí: a yí orí pulọ́ọ̀gì padà, ó wọ ara ògiri, kò sì pẹ́ tí volt 230 fi sọ ẹ̀rọ oní-120 di èéfín.

Ẹni tó mọṣẹ́ lè ní àsọdùn ni mò ń sọ, pé RAM tí kò báramu kì í sábà pa kọ̀ǹpútà: ojú rẹ̀ á dúdú, á ké bíí-bíí, wọ́n á yọ ọ́, ó parí. Òótọ́ ni, n kò sì ní bá a jà sí i. RAM inú sáfà pàápàá, tó máa ń bá ẹrù tòkunbọ̀ wọlé, lè jókòó wọ̀ọ̀ sínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, kó má kàn jẹ́ kó tàn ni. Ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti kọ̀ ló ń fa òfò. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tì í títí ihò á fi sán. Wọ́n á yí i sódì. Wọ́n á máa yọ ọ́, wọ́n á máa fi í padà, nígbà tí bátìrì ṣì wà nínú láàpútọ́ọ̀pù, tí iná ṣì wà lórí bọ́ọ̀dù. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí Òkìtìpupa wà, sì ni ìdẹwò yìí ti le jù. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹni tó gba èyí tí kò yẹ á kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ní Òkìtìpupa tàbí Òde-Aye, èyí tó gba Ọ̀rẹ̀ dé láti Èkó ni èyí tó wà nílẹ̀, owó ọkọ̀ ni dídá a padà, oníbàárà sì ti dúró. Ọdún pípẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìlú gúúsù Òndó fi wà láìní iná ìjọba, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ ń bẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa gan-an. Jẹnẹrétọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù fi ń ṣiṣẹ́, ẹni tó sì ń wo bí epo ṣe ń jó kì í ráyè pa ẹ̀rọ, kó yọ bátìrì, kó tó dán RAM wò.

Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ olówó nìyí: ibo ni akẹ́kọ̀ọ́ OAUSTECH, yunifásítì Òkìtìpupa, ti fẹ́ rí owó RAM tuntun, nígbà tí iye rẹ̀ ti fò sókè lágbàáyé láti ìparí 2025, torí àwọn tó ń ṣe é ń kó o fún àwọn ilé iṣẹ́ AI? Kò sẹ́ni tó ní kó ra tuntun. Tòkunbọ̀ tó báramu á ṣe é lóore fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bọ́ọ̀dù tó jóná ló wọ́n, ẹni tí kò sì lówó lọ́wọ́ ni kò lè rà á lẹ́ẹ̀kejì.

Oníṣẹ́ tó ń gba owó ni kí ẹrù yìí wà lọ́rùn rẹ̀. Kó yọ RAM ti tẹ́lẹ̀, kó ka ohun tó wà lára rẹ̀, nítorí PC3L-12800 kì í ṣe PC3-12800. Kó wo iye tí ẹ̀rọ náà lè gbà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Lẹ́yìn náà kó kọ irú RAM, volt rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ sórí rìsíìtì, kó sì fọwọ́ sí i. Òfin FCCPA ti 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ní kí olùtajà fún ènìyàn ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà. Wọ́n lè ní bébà kò lè jí bọ́ọ̀dù tó ti kú. Kò lè jí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òun máa kọ “DDR3L, volt 1.35” tí òun á sì fọwọ́ sí i, á kọ́kọ́ yí RAM náà wò. Èyí tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, kí oníbàárà gba láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ kí oníṣẹ́ náà tó tú ìdè àkọ́kọ́.