Ẹ yéé ra ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ sí píkọ́ọ̀pù oko

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí lè má dùn létí àwọn mẹkáníìkì wa kan àti àwọn tó ń ta páàtì, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́: píkọ́ọ̀pù tó ń wọ oko ò gbọ́dọ̀ lo ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀kì ń ṣe. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé òun ló ń gbé ẹrù. Rárá o! Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni pé kó má jẹ̀ẹ́ kí sípíríǹgì máa fò kiri. Epo ló wà nínú rẹ̀. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò, písítìn á máa ti epo náà gba ihò tín-ín-rín kọjá. Agbára tí ọkọ̀ ì bá fi máa fò á di ooru, ọkọ̀ á sì fara balẹ̀. Tí ṣọ́ọ̀kì bá ti kú, táyà á máa kúrò nílẹ̀ lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Táyà tí ò sí nílẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe tẹ bíréèkì tó tó máa dúró.

Ẹ sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù wa. Kì í ṣe ẹ̀gẹ́ nìkan. Àwọn ìyá wa tó bá wa wa ẹ̀gẹ́, àwọn ọmọ wa, orí àpò ni wọ́n ń jókòó sí títí a ó fi dé títì. Kò yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ní títì wàyí, tírélà sìmẹ́ńtì ń bọ̀ níwájú, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣé ibẹ̀ ló yẹ ká ti máa fi ṣọ́ọ̀kì tó ti kú dánra wò?

Àwọn tó ń tà á á ní, "Tòkunbọ̀ ni, ojúlówó ni, ó lágbára ju tuntun lọ." Ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ òótọ́ lórí ilẹ̀kùn ọkọ̀, nítorí ojú rí i. Ó lè jẹ́ òótọ́ lórí ẹ́ńjìnnì, nítorí etí gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì dà bíi táyà, lílò ló ń jẹ ẹ́. Iléeṣẹ́ Monroe ti Amẹ́ríkà máa ń dámọ̀ràn pé ká pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti rin 50,000 máìlì, ìyẹn bíi 80,000 kìlómítà. Ọkọ̀ tí Òyìnbó ti lò títí tó fi jù ú sí ààtàn, kìlómítà mélòó ni ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti rìn? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn ní Ládipọ̀. Ṣé ẹ lè ra bàtà tí ẹlòmíì ti wọ̀ títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi jẹ tán, kí ẹ wá fi rìn lọ sóko?

Èyí tó wá burú jù ni èyí tí wọ́n lu ihò sí lára, tí wọ́n rọ epo sí, tí wẹ́dà fi iná lẹ ojú ihò náà, tí wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú kùn ún kó lè máa dán. Kì í ṣe epo nìkan ló tán nínú ẹ̀ o, rọ́bà tó ń dá epo dúró àti fáàfù inú rẹ̀ ló jẹ. Ẹ̀yin wẹ́dà wa náà, ẹ ṣọ́ra: ṣọ́ọ̀kì tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀ lè bú gbàmù tí iná bá kàn án.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ò tiẹ̀ bá ti tòkunbọ̀ lọ. Tuntun ni wọ́n ń rà, ṣùgbọ́n èyí tó gùn gbọọrọ, kí ọkọ̀ lè ga bí ti inú fíìmù. Ṣọ́ọ̀kì tó gùn jù, tí ẹrù bá wọ̀ ọ́, tó sì bọ́ sí kòtò, á kanlẹ̀ nínú ara rẹ̀, písítìn á fọ́. Èyí tó kúrú jù ń kọ́? Nígbà tí táyà bá rọ̀ sísàlẹ̀, òun ni gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ á so rọ̀ mọ́, bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ á sì já. Nítorí náà, téèpù ni kẹ́ ẹ mú lọ sí ọjà, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ fi jáàkì gbé ṣáàsì títí táyà ẹ̀yìn á fi rọ̀, kí ẹ wọn àárín bóòtù òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tí ẹ fẹ́ rà, tí a bá fà á tán, ó gbọ́dọ̀ gùn ju ìyẹn lọ. Tí a bá sì tẹ̀ ẹ́ wọlé tán, ó gbọ́dọ̀ kúrú ju àlàfo tó máa kù nígbà tí axle bá ti kan rọ́bà tó wà lábẹ́ ṣáàsì.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn ọlọ́jà kì í bi wá ni ti ewé sípíríǹgì. Ọ̀pọ̀ wa la ti fi ewé kan tàbí méjì kún ti ẹ̀yìn. Sípíríǹgì tó bá ti le sí i, bó ṣe ń ta padà á le sí i náà. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ bó ṣe jáde ní iléeṣẹ́ ò lè ká a mọ́. Ẹ sọ fún ọlọ́jà pé ẹ ti fi ewé kún un, kí ẹ sì béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrù wíwúwo. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ Hilux ni wọ́n ṣe láti gbé nǹkan bíi 1,000 kìlógíráàmù, àwa tó jókòó sínú ọkọ̀ sì wà lára ẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀kì láyé yìí tó lè sọ ọ́ di tírélà.

Ẹlòmíì á ní oní-páìpù-kan nìkan ló dára, pé òun làwọn tó ń sáré nínú aṣálẹ̀ ń lò. A ò bá a jiyàn pé ó dára. Bilstein ti Jámánì ti ń ṣe é láti 1957, ooru sì ń tètè jáde lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara páìpù kan ṣoṣo yẹn ni písítìn ń gùn lọ gùn bọ̀. Tí òkúta bá ta sí i tó tẹ̀ wọnú, písítìn á há. Oní-páìpù-méjì, tí ọ̀kan wà nínú ìkejì, á fara da irú òkúta bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, oní-páìpù-méjì tó ní gáàsì, irú èyí tí KYB àti Monroe ń ṣe, ló bá ọ̀nà olókùúta wa mu. A kì í ṣe aṣojú ẹnikẹ́ni o. Ayédèrú wọn sì pọ̀ lọ́jà: ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀ bóyá ó bá ọkọ̀ yín mu.

A mọ èsì tí ẹ máa fún wa: "Owó dà?" Ọ̀rọ̀ gidi ni, a ò fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ti táyà tó ń jẹ kọ́bọkọ̀bọ. Ẹ ṣírò kéréètì ẹyin tó ń dé ọjà Láfẹ́nwá ní fífọ́. Tí ọkọ̀ bá dákú sí ojú ọ̀nà, ẹ̀gẹ́ tí a ti wà ò ní dúró dè yín. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú, ta ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe láfún? Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan, ṣé ó ṣì lè sọ pé òun ò lówó tuntun?

Àbá tiwa rèé. Ẹ má ra ẹyọ kan, méjì méjì ni, ti ẹ̀yìn lápapọ̀ tàbí ti iwájú lápapọ̀. Tí owó ò bá tó mẹ́rin, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti kú jù. Ẹ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ fi í sílẹ̀: tó bá fò ju ẹ̀ẹ̀kan sí méjì lọ, ó ti lọ nìyẹn. Tí ẹ bá sì ti oko dé, ẹ rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó tutù nígbà tí ìkejì rẹ̀ gbóná kì í ṣiṣẹ́. Fún Hilux tó jáde láti 2005, inú sípíríǹgì ni ṣọ́ọ̀kì iwájú wà. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni tú nọ́ọ̀tì òkè rẹ̀ láìní irinṣẹ́ tó ń di sípíríǹgì mú, nítorí ó lè ta pa èèyàn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ yín ló kàn báyìí. A máa ń kó owó jọ ra ajílẹ̀ àti oògùn koríko. Kí ló dé tá ò lè kó owó jọ ra ṣọ́ọ̀kì tuntun fún ọkọ̀ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ká sì jọ ná an kí ọlọ́jà ẹ dín owó? Ẹ gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí òjò tó tún ọ̀nà bà jẹ́. Ẹni tó bá ní píkọ́ọ̀pù, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i. Ẹ sì sọ fún àwọn tó ń jókòó lórí àpò náà, ẹ̀mí tiwọn là ń sọ.