Ta Ló Sọ fún Yín pé Michelle Ṣubú?

Fídíò kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í kú. Ọdún 2004 ló ṣẹlẹ̀, lórí ètò orin kan tó ń jẹ́ 106 & Park ní Amẹ́ríkà. Àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń jẹ́ Destiny's Child ń jó bọ̀ níwájú èrò, orin "Soldier" ni wọ́n ń kọ. Àfi gbì! Ọ̀kan nínú wọn ti wà nílẹ̀. Àwọn méjì tó kù ń bá ijó lọ. Ẹni tó ṣubú náà dìde, ó wá àyè rẹ̀, ó ń jó. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Orúkọ ẹni tó ṣubú ni Michelle Williams. Àwọn kan ò tíì jẹ́ kó dìde títí di òní.

Ẹ mọ ẹ̀fẹ̀ náà. Wọ́n ń pè é ní Poor Michelle, bí ẹni ń pe tálákà inú ẹbí. Wọ́n á gé e kúrò létí fọ́tò. Wọ́n á ní Beyoncé ń ra ilé, Kelly ń ra mọ́tò, Michelle ń bá wọn mú báàgì dání. Ẹ̀fẹ̀ yìí ti wọ Nàìjíríà tipẹ́: bí ọ̀rẹ́ mẹ́ta bá gbé fọ́tò síta, ẹnìkan á bọ́ sábẹ́ rẹ̀, á béèrè pé ta ni Michelle nínú wọn. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ka sí náà á rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà sọ pé kò mọ eré.

Àwa ò rẹ́rìn-ín o. Kì í ṣe pé a rorò. Ẹ̀fẹ̀ tó bá dúró lórí òótọ́, a lè gbà á mọ́ra. Èyí dúró lórí irọ́, irọ́ náà sì ń pa èèyàn lára.

Ẹ jẹ́ ká mú un látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìlú Rockford ní ìpínlẹ̀ Illinois ni Michelle, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́kọ́ kọrin. Ó wọ yunifásítì, ó fi í sílẹ̀, ó lọ ń gbe orin lẹ́yìn Monica. Ní ọdún 2000, Destiny's Child mú un wọlé. Ẹ wo bó ṣe wọlé ná: LeToya Luckett àti LaTavia Roberson ló wà nínú ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ohùn wọn ló sì wà nínú orin "Say My Name". Nígbà tí fídíò orin yẹn jáde, àwọn méjèèjì ò sí níbẹ̀ mọ́. Michelle àti Farrah Franklin ni wọ́n gbé sí àyè wọn, wọ́n ń ṣí ẹnu sí ohùn ẹlòmíì. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Farrah náà ti lọ. Àga tí Michelle jókòó lé ṣì ń gbóná, àwọn tó fẹ́ràn àwọn tó lọ sì ń bínú sí i nítorí ìjà tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ta nínú yín ló ti gba iṣẹ́ níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ẹnìkan kúrò? Ẹ ó mọ ojú tí wọ́n fi ń wo èèyàn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Tirẹ̀, gbogbo ayé ló ń wò ó.

Ó dúró. Ohùn rẹ̀ wà nínú àwo Survivor ti ọdún 2001, orin tó ń jẹ́ orúkọ yẹn sì gba Grammy ní 2002. Nínú "Cater 2 U", ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n pín fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì kọ tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ orin ilé wa mọ̀ pé lílé nìkan ò jẹ́ orin. Ẹ yọ elégbè kúrò nínú jùjú, kí ẹ wá gbọ́ bó ṣe máa ń dún. Ṣùgbọ́n a ti di ìran tó jẹ́ pé ẹni tó dúró láàárín nìkan là ń rí.

Wọ́n ní ó kùnà lẹ́yìn ẹgbẹ́. Ó dáa. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ta ló kọ́kọ́ gbé àwo orin tirẹ̀ jáde? Ọ̀pọ̀ á ní Beyoncé. Rárá o. Michelle ni. Oṣù Kẹrin ọdún 2002 ni Heart to Yours jáde, àwo orin ìyìn ni, ó sì gun ipò kìíní lórí àtẹ orin ìyìn Billboard. Kelly Rowland tẹ̀lé e lọ́dún yẹn kan náà. Beyoncé ló jáde gbẹ̀yìn, ní 2003. Kelly tí wọ́n ń ṣàánú náà ńkọ́? "Dilemma" tí òun àti Nelly kọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. LeToya tí wọ́n lé, àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ipò kìíní gan-an ní 2006. Bí èyí bá jẹ́ ìkùnà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọrọ díẹ̀ níbẹ̀.

Kí ló wá mú kí irú àkọsílẹ̀ yìí di ẹ̀fẹ̀? Iṣẹ́ tiwa ni kíkọ kóòdù, ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ wa ṣàlàyé. Àṣẹ kékeré kan wà tí a ń pè ní max. Ẹ kó nọ́ńbà ẹgbẹ̀rún kan fún un, èyí tó tóbi jù lọ nìkan ló máa dá padà fún yín. Ìyókù, ó sọ nù. Kò ní sọ fún yín bóyá èyí tó ṣìkejì fi díẹ̀ kù tàbí ó jìnnà. Kò burú, iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àkójọ náà, tó wá lo max, kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tí ẹ sì ń ṣe fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin nìyẹn. Ẹ fi ẹni tó tóbi jù láyé ṣe ìwọ̀n, ẹ wá ń sọ pé ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kúrú, torí pé ẹ̀gbẹ́ igi ìrókò ló dúró sí.

A ò bá Beyoncé jà o. Ẹ má lọ ka ọ̀rọ̀ wa sódì. Ohun tó ṣe, ó ṣe é, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ọ̀nà tí Michelle yàn, ọ̀nà mìíràn ni. Ó lọ sí orí ìtàgé. Ní 2003, ó ṣe Aida ní Broadway. Ó ṣe Shug Avery nínú The Color Purple. Ó ṣe Roxie nínú Chicago, ní Lọ́ńdọ̀n lọ́dún 2009 àti ní New York lọ́dún 2010. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ bí iṣẹ́ Broadway ṣe rí, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n ń ṣe eré lọ́sẹ̀ kan. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kọrin, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń jó, kò sí pé ẹ jẹ́ ká tún un gbà sílẹ̀. Bí ọ̀fun bá ń dùn ọ́ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeé, èrò ti sanwó, wọ́n ti jókòó. Wọn kì í fi ipò báyìí ta èèyàn lọ́rẹ nítorí pé ó bá Beyoncé ya fọ́tò rí.

Ibì kan sì wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gan-an. Eré orí ìtàgé kan wà tó ń jẹ́ Fela!, ìtàn Fẹlá Aníkúlápó Kútì, ọmọ Abẹ́òkúta. Sandra Izsadore ni ará Amẹ́ríkà tó ṣí ojú Fẹlá sí ọ̀rọ̀ ìjàǹgbara àwọn dúdú nígbà tó wà ní Los Angeles ní 1969. Láìsí obìnrin yẹn, Fẹlá tí a mọ̀ yìí lè má rí bó ṣe rí. Nígbà tí wọ́n gbé eré náà káàkiri Amẹ́ríkà ní 2013, ta ló ṣe Sandra? Michelle Williams ni. Lọ́dún yẹn kan náà, ó fò jáde lórí ìtàgé Super Bowl pẹ̀lú Beyoncé àti Kelly, wọ́n lo ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn nìkan ni ẹ rántí. Alẹ́ tó fi ń sọ ìtàn ọmọ Ẹ̀gbá fún àwọn òyìnbó, ẹ ò kà á kún nǹkan kan.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó kọ "Say Yes". Gbogbo ẹni tó bá ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Nàìjíríà mọ ibi tí orin yẹn ti wá. Orin ìdúpẹ́ tí a ti ń pàtẹ́wọ́ sí, tí a ń na aṣọ ìnujú sókè sí, láti ìgbà tí a wà ní kékeré ni. Harmony Samuels, ọmọ Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀n, ló bá a ṣe é. Beyoncé àti Kelly wá, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn òun ló ń lé, àwọn méjèèjì ń gbè é. Orin náà gun ipò kìíní lórí àtẹ orin ìyìn Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ wa níbí gbọ́ orin ìyá wọn lẹ́nu obìnrin Illinois, inú wọn dùn fún ọjọ́ méjì, wọ́n tún padà sídìí Poor Michelle. Ojú wa rí nǹkan.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná. Ní 2017, Michelle sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé láti ìgbà tí òun ti wà ní ọ̀dọ́langba ni àárẹ̀ ọkàn ti ń bá òun jà. Ó ní nígbà tí Destiny's Child wà lókè téńté, ó burú débi pé òun ń ro pé kí òun kú. Ó ní òun sọ fún mánéjà àwọn. Ohun tó ní ó dá òun lóhùn ni pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lùwé owó ńlá, ìrìn àjò orin ń bọ̀, kí ló wá kù tí òun á fi máa banú jẹ́?

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ ná. Ẹ gbé ìdáhùn yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀fẹ̀ yín. Nígbà tó wà lókè, wọ́n ní kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sunkún, torí owó wà. Nígbà tí ẹgbẹ́ tú ká, ẹ ní kò lẹ́tọ̀ọ́ sí iyì, torí owó tirẹ̀ ò tó ti ẹnìkejì. Òṣùwọ̀n kan náà ni! Ẹnu méjì ló ní, ibi tí ẹ bá gbé èèyàn gbà, yóò gé e. Bí ẹ bá ti gbà pé òkìkí ni ìlera, ẹni tó lókìkí ò ní rí ẹni gbọ́ tirẹ̀, ẹni tí òkìkí rẹ̀ sì dín kù á di ẹni ẹ̀rín. Ibo lẹ fẹ́ kí èèyàn gbà?

Ní oṣù Keje ọdún 2018, ó kéde fúnra rẹ̀ pé òun ti lọ wá ìtọ́jú. Nígbà tí ọdún yẹn ń parí lọ, ó fi eré Once On This Island sílẹ̀ ní Broadway, torí àwọn dókítà ní kó lọ sinmi. Ní 2021, ó kọ ìwé, Checking In, ó sọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń pe àárẹ̀ ọkàn ní àìsàn òyìnbó: nínú ìran tí wọ́n ti ń sọ fún èèyàn pé kó lọ gbàdúrà sí i, akọrin ìyìn ló jáde wá sọ pé òun gbàdúrà, òun sì tún lọ rí dókítà. Èèyàn mélòó ló máa fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe irú ìyẹn?

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ní eré lásán ni, ẹ ní ó lówó, ẹ ní kò tiẹ̀ ní í rí ohun tí ẹ kọ. Ó lè má rí i lóòótọ́. Ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ fọ́tò rẹ̀ rí i. Ọmọbìnrin kẹta nínú fọ́tò yẹn rí i, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, ó pa fọ́tò náà rẹ́ lóru.

Ilé wa náà ò mọ́ nínú rẹ̀. Plantashun Boiz jẹ́ mẹ́ta: 2Baba tí a mọ̀ sí 2face nígbà náà, Faze, Blackface. Láti ọdún 2004 tí oníkálùkù ti gba ọ̀nà tirẹ̀, ìbéèrè kan náà ni à ń gbọ́ nípa àwọn méjì tó kù: ibo ni wọ́n wọlẹ̀ sí? Ẹni tó ń béèrè yìí jó "Kolomental" ti Faze títí ilẹ̀ fi mọ́ o. Ó mọ "Hard Life" ti Blackface lórí. Ó kàn jẹ́ pé orúkọ 2Baba ga jù, gbogbo orin yẹn wá dà bí ẹni pé wọn ò kọ ọ́ rí. P-Square náà tú ká, kí àwọn ìbejì yẹn tó mí, àwọn kan ti gbé síkélì jáde, wọ́n ń wọ̀n ẹ̀jẹ̀ kan náà sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi iṣẹ́ wa. Ẹni márùn-ún á kọ́ nǹkan, ẹnìkan á lọ dúró síwájú kámẹ́rà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n á ní àwọn mẹ́rin tó kù wà níbẹ̀ ni ṣá. Ìyàtọ̀ kan ni pé tiwa ní àkọsílẹ̀: gbogbo ìlà kóòdù ló ń jẹ́rìí ẹni tó kọ ọ́ àti ọjọ́ tó kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, á lọ wò ó. Ti olórin náà ní àkọsílẹ̀, ọ̀lẹ ni kì í jẹ́ kí ẹ wò ó.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, eré tuntun kan ṣí ní ilé ìṣeré Lunt-Fontanne ní New York, Death Becomes Her lorúkọ rẹ̀. Viola Van Horn ni ipa tí wọ́n fún Michelle, obìnrin alágbára tó ní oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn darúgbó. Òun ni àwọn èrò kọ́kọ́ rí nígbà tí aṣọ ìtàgé ṣí. Ẹ wá fídíò ìyẹn náà, kí ẹ pín in.