Òkú Tí Ìjọba Kò Fẹ́ Kí Aráàlú Rí
Ní 1917, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló rán ayàwòrán C. R. W. Nevinson lọ sójú ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó ya òkú ọmọ ogun méjì tó dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, láàárín wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Ìjọba ní kò gbọdọ̀ pàtẹ àwòrán náà. Ó gbé e kọ́ ògiri ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1918, ó lẹ bébà gbọọrọ mọ́ ọn láàárín, ó kọ ọ́ sí bébà náà pé wọ́n ti fòfin dè é. Wọ́n tún bá a wí nítorí bébà yẹn! Àṣírí ogun wo ló wà lára òkú? Ọ̀tá tó pa wọ́n kúkú mọ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n ṣì fẹ́ gba ọmọ yòókù lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń fi í pamọ́ fún.