Ọ̀fẹ́ Tó Ń Gbówó Lọ́wọ́ Ìyá Ọmọ

Ìgò kékeré kan wà nínú fìríìjì sẹ́ńtà ìlera. Àjẹsára èéyi ló wà nínú rẹ̀, ó gbẹ bí àtíkè, ó sì tó ọmọ mẹ́wàá. Bí nọ́ọ̀sì bá ti po omi rẹ̀ mọ́ ọn, wákàtí 6 péré ló kù fún un; èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn, dídànù ni. Bí ọmọ méjì péré bá wá lọ́jọ́ náà, ohun tí ìyá sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Màmá, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ò tíì pọ̀ tó."

Ẹ wo ìyá tó ń ta ata. Ó ti pa àtẹ tì láti àárọ̀, ó ti gun ọ̀kadà lálọ, yóò tún gùn ún lábọ̀. Ata àná ti ń rọ̀, oníbàárà sì ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí kò bá padà wá, ta ló lẹ́nu láti bá a wí?

Lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ náà nílé ìwòsàn ìjọba. Àmọ́ ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ọmọ lọ: nígbà tí wọ́n bá bí i, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, lẹ́yìn náà ní oṣù 9 àti 15. Owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹfà, ọjà ọjọ́ mẹ́fà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọwọ́ bàbá ni owó ọkọ̀ wà.

Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tó ti pé ọdún kan ṣùgbọ́n tí kò tíì pé méjì, 31 ló gba gbogbo àjẹsára tó ṣe kókó. 19 kò gba ìkankan. Àádọ́ta tó kù ńkọ́? Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọn ò parí. Ìyá wọn ò sá fún abẹ́rẹ́. Ó ti gbé ọmọ wá rí.

Ìbẹ̀rù wà o. Ní Kano lọ́dún 2003, wọ́n dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró nítorí ahesọ pé kò ní jẹ́ kí ọmọ lè bímọ lọ́jọ́ iwájú, àrùn náà sì ràn dé orílẹ̀-èdè mìíràn. Ṣùgbọ́n ahesọ kọ́ ló dá ìyá aláta padà.

Ní Katsina, Zamfara àti Jigawa, àjọ New Incentives fún àwọn ìyá ní ₦500 nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbé ọmọ wá, àti ₦2,000 nígbà abẹ́rẹ́ èéyi. Àbájáde ìwádìí tó jáde lọ́dún 2020 fi hàn pé iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ wọn pé fi nǹkan bí 27 nínú 100 ju ti ibi tí wọn ò ti fúnni lówó. Owó yìí ò lè sọ ẹnikẹ́ni dolówó. Owó ọkọ̀ ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé kí wọ́n ṣí ìgò náà kódà bó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló wà níkàlẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó pa á láṣẹ, kó sì fi dá nọ́ọ̀sì lójú pé ẹnikẹ́ni ò ní bi í léèrè èyí tó dànù. Kí wọ́n gbé àpótí yìnyín tí àjẹsára wà nínú rẹ̀ lọ sínú ọjà lọ́jọ́ ọjà. Bí wọ́n sì ti ń ka iye ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́, kí wọ́n máa kọ iye tí wọ́n dá padà sílé pẹ̀lú.